Ṣé Lóòótọ́ Ni Kẹ̀kẹ́ Ẹṣin Ò Yí Padà Títí Mọ́tò Fi Dé?

Ohun tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé kẹ̀kẹ́ ẹṣin ò ju àpótí onígi lọ: ẹsẹ̀ mẹ́rin lábẹ́, ẹṣin níwájú, ó parí. Wọ́n ní bó ṣe wà láyé àwọn ará Róòmù náà ló wà títí ẹnì kan fi gbé ẹ́ńjìnnì lé e lórí, àti pé ìgbà yẹn ni ọgbọ́n ọkọ̀ ṣíṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Èrò kejì rọ̀ mọ́ àkọ́kọ́, pé ẹni tó bá fẹ́ kí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ yá sí i, ẹṣin ni kó lọ rà kún un.

Àwọn tó ń kan kẹ̀kẹ́ nígbà náà ò ní gbà. Ẹṣin ń jẹun, ó ń rẹ̀ ẹ́, ó ń ṣàìsàn, ó sì ń kú. Ẹni tó bá lè dín agbára tí kẹ̀kẹ́ ń gbà lọ́wọ́ ẹṣin kù jèrè ju ẹni tó lọ ra ẹṣin mìíràn lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún da ara wọn láàmú lórí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, lórí sípíríǹgì, àti lórí bí kẹ̀kẹ́ ṣe máa yà láì dojú dé.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣáájú, torí ibẹ̀ lojú ti máa ń tanni jẹ jù. Bí ẹ bá dúró sẹ́yìn ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ ẹṣin kan, ẹ ó rí i pé àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dúró ṣánṣán. Òkè wọn yà síta, ìsàlẹ̀ wọn sún sábẹ́ kẹ̀kẹ́. Bí ẹ bá tún wo ẹsẹ̀ kan ṣoṣo dáadáa, kò tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó kó ikùn bí àwo ìjẹun, àárín rẹ̀ wọnú, etí rẹ̀ yọ síta. Àwọn kan á ní ọjọ́ ogbó ló wọ́ ọ, tàbí pé ẹni tó kàn án ò mọṣẹ́. Irọ́ ni. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹṣin kì í rìn gbọọrọ bí ẹ́ńjìnnì. Bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún tó ń gbé tòsì ni ara rẹ̀ ń fì, kẹ̀kẹ́ tó ń fà náà á sì máa fì tẹ̀lé e. Gbogbo ìgbà tó bá ti fì, ẹrù orí kẹ̀kẹ́ á ti àárín ẹsẹ̀ síta. Ká ní ẹsẹ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ ni, àwọn sípóòkù onígi ò ní ohun tí wọ́n máa fẹ̀yìn tì. Wọ́n á máa tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ọ̀kan á fi kán lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n nígbà tí sípóòkù ti dagun síta látilẹ̀, bí ẹrù bá ṣe ń ti àárín ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fún mọ́ irin etí rẹ̀ sí i. Ìfì tí ì bá fọ́ ẹsẹ̀ ló wá ń dì í mú. Wọ́n tún tẹ orí ọ̀pá irin tí ẹsẹ̀ ń yí lé lórí wálẹ̀ díẹ̀, kí sípóòkù tó bá bọ́ sí ìsàlẹ̀, èyí tí gbogbo ẹrù wà lọ́rùn rẹ̀, lè dúró ṣánṣán ní ìṣẹ́jú àáyá tó kàn án yẹn. Ìdí nìyẹn tí tòkè fi ń yà síta. Ẹni tó ṣírò èyí kì í ṣe ará oko tó kàn ń gbá igi mọ́gi.

Irin etí ẹsẹ̀ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń gé irin sí wẹ́wẹ́, wọ́n á fi ìṣó kàn wọ́n mọ́ igi yí ká. Nígbà tó yá, wọ́n wá ń rọ òrùka irin kan ṣoṣo tó kéré díẹ̀ sí ẹsẹ̀. Alágbẹ̀dẹ á fi í sínú iná títí yóò fi pọ́n, tí yóò sì fẹ̀, á wá fi ẹ̀mú gbé e wọ igi náà. Igi á máa rú èéfín. Kíá, wọ́n á da omi lé e. Irin á sún kì, gbogbo oríkèé igi á máa dún bí wọ́n ṣe ń fún mọ́ra. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹsẹ̀ tó jẹ́ igi wẹ́wẹ́ tẹ́lẹ̀ ti di odidi kan.

Ní ti sípíríǹgì, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé nítorí ìdí olówó ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀, kò kan ẹṣin. Òótọ́ ni pé olówó ló kọ́kọ́ sanwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bá gun òkúta. Bí kò bá sí sípíríǹgì, ẹsẹ̀ nìkan kọ́ ló máa gòkè. Àpótí, èrò àti ẹrù ló máa gbéra sókè pẹ̀lú rẹ̀, ẹṣin ló sì máa fi èjìká rẹ̀ sanwó ìgbéra yẹn. Bí sípíríǹgì bá wà, ẹsẹ̀ á gòkè, á sọ̀kalẹ̀, ohun tó wà lórí ò ní fi bẹ́ẹ̀ mira. Richard Lovell Edgeworth, ará Ireland kan tó kú ní 1817, dán èyí wò, ó sì ń tẹnu mọ́ ọn pé sípíríǹgì ń mú kí ẹrù fúyẹ́ fún ẹṣin. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ ronú sí i. Ní 1665, àwọn onímọ̀ inú Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní London, ti ń jókòó sínú kẹ̀kẹ́ onísípíríǹgì láti wo bó ṣe ń ṣe sí.

Ẹni tó wá yí nǹkan padà pátápátá ni Obadiah Elliott, akankẹ̀kẹ́ kan ní London, tó gba ìwé àṣẹ ìhùmọ̀, ìyẹn ìwé tó fi hàn pé òun ló ni ohun tuntun tó ṣe, ní 1804. Ó to irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín léra, ó tẹ̀ wọ́n kọrọdọ, ó jẹ́ kí méjì kọjú síra, ó sì gbé àpótí kẹ̀kẹ́ lé wọn lórí. Kí èyí tó dé, ìtì igi ńlá kan ló máa ń wà lábẹ́ kẹ̀kẹ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn; òun ló ń so ohun gbogbo pọ̀, òun náà ló sì wúwo jù. Sípíríǹgì Elliott mú kí wọ́n lè yọ ọ́ dànù. Kẹ̀kẹ́ fúyẹ́, ó súnmọ́ ilẹ̀, ẹṣin kan sì lè fa ohun tó ń gba méjì tẹ́lẹ̀. Ara èso rẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ kékeré oníbòrí tí wọ́n kàn fún Lord Brougham, olóṣèlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ní 1838, tí wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pè.

Ẹni tó bá rò pé ọlá ni ìdẹ̀ra kó wo kẹ̀kẹ́ wúrà àwọn ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. 1762 ni wọ́n kàn án, ó tó tọ́ọ̀nù mẹ́rin, ẹṣin mẹ́jọ ló ń fà á, wọn kò sì lè ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ. Okùn awọ ni wọ́n fi gbé àpótí rẹ̀ kọ́, ó sì ń fì bí ẹṣin bá ti gbéra. Ọbabìnrin Elizabeth, tó gùn ún lọ́jọ́ ìwúyè rẹ̀ ní 1953, sọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé kò bá òun lára mu rárá. Ní 2023, nígbà ìwúyè Ọba Charles, kẹ̀kẹ́ tuntun tí wọ́n kàn ní Ọsirélíà ló gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Fèrèsé oníná wà nínú rẹ̀, ohun tí kì í jẹ́ kó fì sì wà lábẹ́ rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ wúrà ló gùn padà sílé, kí ayé lè wòran.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ọ̀rọ̀ yíyà. Lára kẹ̀kẹ́ ẹṣin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, odidi ọ̀pá tó so ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì pọ̀ ló máa ń yí lórí irin kan láàárín. Bó bá yà púpọ̀, ẹsẹ̀ iwájú á wọ abẹ́ àpótí, kẹ̀kẹ́ á wá fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ìgbà yẹn gan-an ló rọrùn jù fún un láti dojú dé. Kí ẹsẹ̀ iwájú sì lè ráyè wọ abẹ́ àpótí, wọ́n ní láti dín in kù, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ kékeré ló máa ń rì sínú kòtò jù. Erasmus Darwin, bàbá bàbá Charles Darwin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, jẹ́ dókítà tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin kiri ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn. Òun náà ti ya àwòrán ọ̀nà míì tí ẹsẹ̀ iwájú lè gbà yà ní nǹkan bí ọdún 1758. Ní 1768, ó ṣubú látinú kẹ̀kẹ́, egungun orúnkún rẹ̀ fọ́, ó sì ń tiro títí ó fi kú.

Ẹni tó parí iṣẹ́ náà ni Georg Lankensperger, akankẹ̀kẹ́ kan ní Munich. Kò jẹ́ kí ọ̀pá yí mọ́. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń yí lórí ìdè tirẹ̀, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì so méjèèjì pọ̀ lọ́nà tí ẹsẹ̀ tó wà nínú kọ́nà fi máa ń yà ju ti ìta lọ, nítorí ibi tó máa yí ká kéré ju ti èkejì lọ. Rudolph Ackermann, tó ń tẹ àwòrán tà ní London, ló bá a gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1818. Títí dòní, Ackermann tó jẹ́ aṣojú lásán ni àwọn ẹlẹ́rọ fi ń sọ ìhùmọ̀ náà lórúkọ. Ẹni ẹlẹ́ni ṣiṣẹ́, alágbàtà gborúkọ.

Ọ̀pọ̀ akankẹ̀kẹ́ ò gbà á. Wọ́n ní irin rẹ̀ ti pọ̀ jù, àti pé ẹṣin ti ń fi ọ̀pá gígùn iwájú yí kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀, kò fi ọwọ́ ẹnikẹ́ni ṣe. Wọn ò kúkú jayò pa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹṣin kúrò níwájú, ọ̀rọ̀ yí padà. Karl Benz, ará Jámánì, gba ìwé àṣẹ ìhùmọ̀ lórí mọ́tò rẹ̀ ní 1886, ẹsẹ̀ mẹ́ta péré ló sì ní, nítorí kò tíì rí ọ̀nà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn tí ẹsẹ̀ iwájú méjì lè gbà yà. Ìgbà tó di 1893 ló tó gba ìwé àṣẹ lórí ohun tí akankẹ̀kẹ́ Munich ti ṣe ní ohun tó ju ọdún márùn-dín-lọ́gọ́rin lọ ṣáájú.

Bákan náà ló rí fún táyà afẹ́fẹ́. Robert William Thomson gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1845, ó sì dán an wò lára kẹ̀kẹ́ ẹṣin ní Regent's Park ní London ní 1847, níbi tó ti hàn pé ẹṣin ń fà á pẹ̀lú ìrọ̀rùn ju ti onírin lọ. Owó rẹ̀ pọ̀, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ títí John Boyd Dunlop fi tún un ṣe fún kẹ̀kẹ́ ológeere ní 1888.

Òótọ́ kan wà lọ́wọ́ àwọn tó sọ pé ẹṣin ló ṣe pàtàkì. Ní 1784, nígbà tí John Palmer mú kí kẹ̀kẹ́ lẹ́tà ti Bristol dé London láàárín wákàtí mẹ́rìndínlógún, pípààrọ̀ ẹṣin lójú ọ̀nà ló ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀nà tó dáa náà sì ràn án lọ́wọ́ lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ tó wúwo bí ti àtijọ́ ì bá tètè pa àwọn ẹṣin tí wọ́n ń pààrọ̀ náà.

Wọn ò tíì jáwọ́ nínú títún kẹ̀kẹ́ ẹṣin ṣe o. Ìdíje kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin mẹ́rin ń fà fún gbogbo àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ní Münster, Jámánì, ní 1972, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n sì ń lò níbẹ̀ lónìí, irin ni wọ́n fi kàn án, bíréèkì onípáànù bíi ti mọ́tò ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan lára wọn tún ní ẹ̀rọ tó ń mú kí yíyà pẹ́ díẹ̀: ẹṣin á kọ́kọ́ yà, ẹsẹ̀ iwájú á dúró dè é fún ìgbà díẹ̀ kó tó tẹ̀lé e, kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn má baà lọ fi ara kọ́ òpó tí wọ́n rì mọ́ kọ́nà.