Bí Iṣẹ́ Olórí Ẹ̀ka Ìdọ́gba Ṣe Ń Lọ ní Yunifásítì Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹni tó bá di olórí ẹ̀ka ìdọ́gba, ìyẹn ẹ̀ka tó ń rí i pé wọn kò ṣojúsàájú sí ẹnikẹ́ni, ní yunifásítì kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lágbára láti gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé, kò lè gba olùkọ́ síṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò lè fọwọ́ kan máàkì ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, òun ni wọ́n máa ń bi pé kí ló dé tí ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin kò pọ̀, tàbí kí ló dé tí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara kò rọ́nà wọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Òfin àti ìṣirò ló fi ń jà.

Òfin tó gbé iṣẹ́ náà ró ni Equality Act ti ọdún 2010, tó ka ohun mẹ́sàn-án tí wọn kò gbọdọ̀ torí rẹ̀ fìyà jẹ ènìyàn. Ọjọ́ orí, ẹ̀yà, ẹ̀sìn, ìpèníjà ara àti oyún wà lára wọn. Lábẹ́ òfin yìí, yunifásítì gbọ́dọ̀ máa tẹ ìròyìn jáde lọ́dọọdún lórí bí nǹkan ṣe rí lọ́dọ̀ rẹ̀, kó sì gbé àfojúsùn kalẹ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún mẹ́rin. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣì mọ̀ ni pé òfin náà kò fàyè gba yíya ipò sọ́tọ̀ fún ẹ̀yà kan. Àfi bí ẹni méjì bá tóótun dọ́gba ni wọ́n tó lè mú ẹni tí irú rẹ̀ kò pọ̀ níbẹ̀.

Òfin nìkan kì í tètè mi àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Owó ló ń mì wọ́n. Ní 2005 ni àmì-ẹ̀yẹ Athena Swan, tí wọ́n ń fún yunifásítì àti ẹ̀ka wọn, bẹ̀rẹ̀, kí obìnrin lè rọ́wọ́ mú nídìí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ní 2011, Sally Davies, ọ̀gá àgbà ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ọ̀rọ̀ ìṣègùn nígbà náà, kéde pé ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tí kò bá ní ìpele fàdákà àmì-ẹ̀yẹ náà kò ní wà lára àwọn tí wọn yóò gbé yẹ̀ wò fún irú owó ìwádìí kan. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń du àmì-ẹ̀yẹ náà ti pọ̀ sí i. Ní 2020, wọ́n yọ ọ̀ranyàn náà kúrò.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti gba ọgbọ́n jù ni àlàfo tó wà nínú èsì àṣekágbá. Ká ní nínú 100 akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ funfun, 80 ló gba first class tàbí two-one, tó sì jẹ́ 60 péré nínú 100 aláwọ̀ dúdú: àlàfo 20 nìyẹn. Ohun tí àwọn olùkọ́ sábà máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé èsì tí àwọn ọmọ náà gbé wá láti girama ni kò dára tó. Olórí ẹ̀ka tó mọṣẹ́ kì í jiyàn. Yóò lọ fi àwọn tí èsì A-level wọn dọ́gba wéra. Káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, àlàfo náà máa ń dín kù, ṣùgbọ́n kì í tán. Yóò wá tú èsì palẹ̀ ní kọ́ọ̀sì kọ́ọ̀sì, bóyá títí yóò fi kan kọ́ọ̀sì ọdún kejì kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fúnra wọn yan ẹgbẹ́ fún iṣẹ́ àjọṣe, tó sì jẹ́ pé àwọn kan náà ni kì í rẹ́ni mú wọn. Ìwé ìlà mẹ́rin lórí kọ́ọ̀sì yẹn wúlò ju ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan gbáko lórí ẹ̀tanú lọ.

Ìṣirò náà ní àléébù tirẹ̀. Bí aláwọ̀ dúdú inú kíláàsì kò bá ju mẹ́fà lọ, ẹnì kan tó fìdí rẹmi ti tó láti da gbogbo rẹ̀ rú. Nínú fọ́ọ̀mù pẹ̀lú, ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí sí Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù àti ọmọ Sòmálíà tí àwọn òbí rẹ̀ sá ogun wá, àpótí kan náà ni wọ́n ń fàmì sí: aláwọ̀ dúdú ará Áfíríkà.

Kò sí ọ̀nà kan pàtó tí wọ́n ń gbà dé ipò yìí. Àwọn kan ti ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ wá, àwọn kan ti ọ́fíìsì tó ń tọ́jú akẹ́kọ̀ọ́, àwọn mìíràn sì jẹ́ olùkọ́ tí wọ́n fi kún iṣẹ́ wọn. Ẹni tí wọ́n ń jábọ̀ fún ló ṣe kókó: ẹni tó ń jábọ̀ fún igbákejì gíwá lè wà níbi tí wọ́n ti ń pín owó, ẹni tó wà nísàlẹ̀ yóò gbọ́ nígbà tí wọ́n bá ti pín in tán.

Bí ìgbìmọ̀ bá sì gbà láti tún kọ́ọ̀sì ọdún kejì yẹn ṣe, ó di ọdún tó ń bọ̀, àwọn tó máa kọ́kọ́ ṣe é yóò sì tún lo ọdún kan kí wọ́n tó gboyè. Kí èsì wọn tó jáde, olórí ẹ̀ka tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lè ti wà ní yunifásítì mìíràn, níbi tó ti ń béèrè fún èsì kọ́ọ̀sì kọ́ọ̀sì.