Bí A Ṣe Ń Ṣètò Ọjọ́ Ìsinmi Ṣáájú àti Lẹ́yìn Ìrìn-àjò Kẹ̀kẹ́ Àjùmọ̀rìn Nílẹ̀ Òkèèrè

Ìwé ètò tí àwọn olùṣètò ìrìn-àjò kẹ̀kẹ́ máa ń fi ránṣẹ́ sí àwọn tó fẹ́ bá wọn lọ kì í sábà sọ̀rọ̀ kọjá ààlà méjì: wákàtí tí gbogbo ẹgbẹ́ yóò pàdé ní ọjọ́ kìíní, àti wákàtí tí wọn yóò túká lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ ọjọ́ ìkẹyìn. Ohun tó bá wà lẹ́yìn ààlà méjèèjì, ọwọ́ arìnrìn-àjò ni wọ́n fi í sí. Ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ìrìn-àjò ti ń bàjẹ́ kí táyà tó kan ilẹ̀, nítorí pé ẹni tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú láàárọ̀, tó sì gun kẹ̀kẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà, ara tí kò tíì dé ibẹ̀ ló fi ń ṣe iṣẹ́ ọjọ́ náà.

Bó bá jẹ́ pé òun nìkan ló ń lọ, ó lè gé ìrìn ọjọ́ kìíní kúrú tàbí kó sùn di ọ̀sán. Nínú ẹgbẹ́, kò sí irú àyè bẹ́ẹ̀. A ti sanwó ilé ìtura alẹ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ọkọ̀ tó ń kó ẹrù ní wákàtí tirẹ̀, ẹni tó bá sì rẹ̀ jù lọ ni gbogbo àwọn yòókù yóò máa dúró dè lórí òkè.

Ẹ̀yìn ni a ti ń ka àwọn ọjọ́ ìṣáájú bọ̀, láti wákàtí ìpàdé, a kì í bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí owó ọkọ̀ òfurufú bá wálẹ̀ jù lọ. Ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ohun tí a sì ń wò níhìn-ín ni iye wákàtí tí aago ibẹ̀ fi yàtọ̀ sí ti ilé, bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe ga tó, àti ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ tí a fẹ́ gùn.

Èyí tó le jù nínú wọn ni ọ̀rọ̀ aago. Inú ọpọlọ ènìyàn ni aago kan wà tó ń darí ìgbà oorun, ìgbà ebi, àti bí ara ṣe ń gbóná tàbí tó ń tutù, ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ojú wọlé ló sì ń tún un ṣe lójoojúmọ́. Nínú ara ọ̀pọ̀ ènìyàn, yíyípo aago yìí máa ń fi díẹ̀ ju wákàtí 24 lọ bí kò bá sí ìmọ́lẹ̀ tó ń tọ́ ọ sọ́nà. Ìdí nìyẹn tó fi rọrùn fún un láti fa ọjọ́ gùn ju kó gé e kúrú lọ: ẹni tó fò lọ sí ìwọ̀-oòrùn ń fa ọjọ́ gùn, ẹni tó fò lọ sí ìlà-oòrùn ń gé e kúrú. Òṣùwọ̀n tí a sábà ń lò ni pé ara ń bá nǹkan bí wákàtí kan mu lóòjọ́, ó sì máa ń yá ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ fún ẹni tó kọrí sí ìwọ̀-oòrùn. Ìyàtọ̀ wákàtí méjì kò tó ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ fi ọjọ́ kún ọjọ́. Ìyàtọ̀ wákàtí mẹ́fà sí ìlà-oòrùn, ẹ̀wẹ̀, lè gba ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà kó tó kúrò lára pátápátá. Kò pọn dandan kí a jókòó síbẹ̀ títí yóò fi tán. Òru méjì sí mẹ́ta máa ń tó láti kọjá ìgbà tí oorun ń kun ènìyàn lórí kẹ̀kẹ́. Ìyókù yóò tán lójú ọ̀nà, nítorí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lójoojúmọ́ kì í ṣaláìrí ìmọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ yìí ní ìgbà tó ń ṣeni láǹfààní, ó sì ní ìgbà tó ń ṣe ìdíwọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í. Ara ènìyàn máa ń tutù jù lọ ní nǹkan bíi wákàtí méjì sí mẹ́ta ṣáájú ìgbà tó máa ń jí. Ìmọ́lẹ̀ tó bá wọ ojú kí ìgbà náà tó pé ń ti aago ara sẹ́yìn, èyí tó bá sì wọlé lẹ́yìn rẹ̀ ń tì í síwájú. Ká sọ pé ẹnì kan máa ń jí ní aago méje nílé, tí ara rẹ̀ sì ń tutù jù lọ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí. Bó bá fò lọ síbi tí aago ti fi wákàtí mẹ́fà ṣáájú ti ilé, aago mẹ́rin ìdájí rẹ̀ ti di aago mẹ́wàá àárọ̀ níbẹ̀. Bó bá wá jáde lọ nasẹ̀ nínú oòrùn ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì tó dé, gẹ́gẹ́ bí àwọn ènìyàn ṣe máa ń gbani nímọ̀ràn, ibi tí kò fẹ́ lọ ló ń ti aago ara rẹ̀ sí. Ohun tó sàn ni kó wọ awò dúdú tàbí kó wà nínú ilé títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá, kó lo ọ̀sán níta, kó sì máa fi bíi wákàtí kan tètè bọ́ sínú ìmọ́lẹ̀ ju ti àná lọ lójoojúmọ́. Ti ẹni tó lọ sí ìwọ̀-oòrùn kò ní ìdíjú tó bẹ́ẹ̀: kó wà níta ní ìrọ̀lẹ́, kó má sì jẹ́ kí oorun gbé òun lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kọfí ọ̀sán wà lára ohun tó ń ba ètò yìí jẹ́, nítorí nǹkan bí ìdajì agbára rẹ̀ ṣì máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn wákàtí márùn-ún.

Ọkọ̀ òfurufú fúnra rẹ̀ ń fi tirẹ̀ kún un. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ dà bí ti orí òkè tó ga tó mítà 1,800 sí 2,400, ọ̀rinrin inú rẹ̀ kì í sì í sábà tó 20 nínú 100. Ọ̀fun gbẹ, ẹsẹ̀ wú, oorun tí a sùn kò sì ní láárí. Nítorí náà, ọjọ́ tí a dé kì í ṣe ọjọ́ kẹ̀kẹ́ rárá; ọjọ́ omi mímu, ìrìn ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀ àti oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ ni.

Ibi tí kẹ̀kẹ́ ti wá ló ń sọ bí iṣẹ́ ọjọ́ kejì yóò ṣe pọ̀ tó. Ẹni tó bá yá kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ àwọn olùṣètò kò ní iṣẹ́ púpọ̀: yóò fi gíga ìjókòó ránṣẹ́ ṣáájú, yóò sì dé ní àkókò tó pọ̀ tó láti dán an wò. Ẹni tó gbé tirẹ̀ wá nínú àpótí ní láti to ohun tó tú padà: ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ìjókòó, táyà iwájú, àti pẹ́dàlì méjèèjì. Pẹ́dàlì ọwọ́ òsì máa ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú, nítorí òdìkejì ni a ń yí i sí láti fi dè é. Irin kékeré tó gbé ohun tó ń yí jíà dúró lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ náà máa ń tẹ̀ nínú ọkọ̀. Bó bá sì tẹ̀, jíà kò ní wọlé dáadáa mọ́, àwọn ṣọ́ọ̀bù kò sì ní gbogbo oríṣi rẹ̀ lọ́jà. Ẹni tó bá mú ọ̀kan dání láti ilé ti fi òógùn ọjọ́ kan pa mọ́. Bó bá jẹ́ kẹ̀kẹ́ oníbátìrì, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀: òfin ọkọ̀ òfurufú kò gba bátìrì lítíọ́ọ̀mù tí agbára rẹ̀ ju Wh (wáàtì-wákàtí) 160 lọ sínú ọkọ̀ èrò, bátìrì kẹ̀kẹ́ sì máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Yíyá ni tirẹ̀.

Ọjọ́ tí ìṣòro bá máa fara hàn tún yẹ ní ṣíṣírò. Ní Jámánì àti Ọ́sítríà, ọ̀pọ̀ jù lọ ṣọ́ọ̀bù ni kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú. Ẹni tó bá dé ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí ẹgbẹ́ sì fẹ́ gbéra ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, lè rò pé òun ní odindi ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí kò ti lè ra tíúbù ni.

Ẹrù tó pẹ́ kó tó dé ni ìdí mìíràn tí òru méjì fi sàn ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀pọ̀ ẹrù tó ṣì ọkọ̀ wọ̀ ni ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e ń gbé dé, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó ti ṣí kúrò nílùú kò ní í dúró dè é. Bàtà kẹ̀kẹ́, akoto, aṣọ ìgùnkẹ̀kẹ́ kan àti oògùn kì í kúrò nínú báàgì tí a gbé lọ́wọ́. Àdéhùn Montreal ti ọdún 1999, tó ń darí ìrìnnà òfurufú láàárín ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, fún èrò ní ọjọ́ 7 péré lẹ́yìn tó bá gba ẹrù rẹ̀ láti kọ̀wé ẹ̀hónú pé ó bàjẹ́, àti ọjọ́ 21 bó bá jẹ́ pé ó pẹ́ ni. Ìdí kan nìyí, tí àwọn ènìyàn kì í kà sí, tí ó fi yẹ kí a ṣí àpótí kẹ̀kẹ́ ní ibùdó ìsinmi dípò ní àárọ̀ ọjọ́ ìgbéra: ẹni tó rí i pé férémù ti sán ṣì ní àkókò láti ya àwòrán rẹ̀, láti kọ̀wé, àti láti wá kẹ̀kẹ́ mìíràn yá.

Níbo ni kí a ti sinmi? Ibi tí ẹgbẹ́ yóò ti gbéra, tàbí ìlú kékeré tí kò jìn sí i, ni mo fara mọ́ jù, kì í ṣe ìlú ńlá tí pápákọ̀ òfurufú wà. Ìlú ńlá ń fa ènìyàn jáde. Ó ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ó ní ọjà, ẹsẹ̀ a sì ti kú tán kí ọjọ́ kìíní tó pé. Ẹni tó fẹ́ wo ìlú, kó fi í sí ẹ̀yìn ìrìn-àjò. Bákan náà, ibi kan ṣoṣo ni kí a ti lo gbogbo òru ìṣáájú, nítorí pé gbogbo ìgbà tí a bá pààrọ̀ ilé ìtura ni a ń di àpótí, tí a ń wá ọkọ̀ tó lè gbé e, tí a sì ń pàdánù ìdajì ọjọ́.

Kí a tó san kọ́bọ̀ fún ilé ìtura, ó yẹ kí a wo bóyá ọ̀nà ẹgbẹ́ náà yípo padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀ tàbí ó lọ tààrà. Ọ̀nà etí odò Danube láti Passau ní Jámánì dé Vienna ní Ọ́sítríà, tó lé ní kìlómítà 300, jẹ́ àpẹẹrẹ èyí tó lọ tààrà. Ìlú kan ni a ti ń sinmi ṣáájú, ìlú mìíràn ni a ti ń sinmi lẹ́yìn, ìbéèrè tó sì ń fa wàhálà ni ibi tí àpótí òfìfo yóò wà láàárín wọn. Àwọn olùṣètò kan ń gbé e lọ síwájú nínú ọkọ̀ ẹrù. Àwọn mìíràn kò gbà á. Bí wọn kò bá gbà á, páálí tí a lè jù nù lẹ́yìn tí a dé, kí a sì gba òmíràn lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ nígbà ìpadàbọ̀, sàn ju àpótí olówó ńlá lọ.

Bí ilẹ̀ ìgbéra bá ga ju mítà 2,500 lọ, ìṣirò aago kò tó mọ́. Orí fífọ́, èébì àti àìróorunsùn lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ kìíní, ẹni tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn jù nínú ẹgbẹ́ kò sì ní ààbò kankan ju ẹni tó kẹ́yìn lọ. Cusco ní Perú ga tó nǹkan bíi mítà 3,400, Leh ní Íńdíà sì ga tó nǹkan bíi 3,500. Ìlànà tí a mọ̀ ni pé bí a bá ti kọjá mítà 3,000, ibi tí a ó sùn lálẹ́ kò gbọdọ̀ fi ju mítà 500 lọ ga ju ti alẹ́ àná, kí a sì fi ọjọ́ ìsinmi kan sí àárín ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ó sàn kí a sun òru méjì níbi tó rẹlẹ̀ sí i ṣáájú, bí ọ̀nà bá gbà á.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú ìgbéra, a máa ń gun kẹ̀kẹ́ fún bíi wákàtí kan, kìlómítà 15 sí 20, lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Kì í ṣe eré ìdárayá. Etí ni a fi ń ṣe é. A ń gbọ́ bí ṣéènì ṣe ń dún, a ń tẹ bíréèkì, a ń wo bóyá ìjókòó ń yọ̀ wálẹ̀, a sì ń kọ́ ojú láti wo apá ọ̀nà tí wọ́n ń gbà níbẹ̀. Ẹni tó bá sọ ọ́ di ìdíje pẹ̀lú àwọn ojúgbà rẹ̀ tuntun ti ná ohun tó fi ọjọ́ méjì kó jọ.

Àwọn ọjọ́ ẹ̀yìn ní iṣẹ́ tiwọn. Ìrora iṣan máa ń le jù láàárín wákàtí 24 sí 72 lẹ́yìn iṣẹ́ agbára, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹni tó bá wọ ọkọ̀ òfurufú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn ń gbé e lọ sí ibi tí kò ti lè na ẹsẹ̀. Jíjókòó sójú kan fún ohun tó ju wákàtí mẹ́rin lọ tún ń fi kún ewu kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú ẹsẹ̀, ẹni tí òógùn ti gbẹ omi ara rẹ̀ kò sì nílò kí a fi kún un. Yàtọ̀ sí èyí, òjò tàbí táyà tó bẹ́ lè fi wákàtí mẹ́ta kún ọjọ́ tó kẹ́yìn, alẹ́ ìdágbére náà kì í sì í tètè tán. Òru méjì ni mo kà sí ìwọ̀n tó yẹ: ọ̀kan ní ìlú tí ọ̀nà ti parí, fún oorun, oúnjẹ àti fífọ aṣọ, ìkejì nítòsí pápákọ̀, tí kẹ̀kẹ́ ti wà nínú àpótí rẹ̀. Fífọ kẹ̀kẹ́ pàápàá ń gba àkókò, kò sì ṣeé fò fún ẹni tó ń padà sí Ọsirélíà tàbí New Zealand, níbi tí àwọn aṣọ́bodè ti ń wo ara táyà fún erùpẹ̀ ilẹ̀ òkèèrè.

Gbogbo òru tí a fi kún un ló ń wọnú ìwé. Ní àwọn orílẹ̀-èdè Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó para pọ̀ lo òfin ìwọlé kan náà, ọjọ́ 90 nínú ọjọ́ 180 ni àlejò ìgbà kúkúrú lè lò, ọjọ́ tó wọlé àti ọjọ́ tó jáde sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń gba físà ní láti bèèrè fún gbogbo ọjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ìwé adójútòfò ìlera tó kéré tán tó owó yúrò 30,000 sì gbọ́dọ̀ bo gbogbo wọn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí a kọ ọjọ́ tó wà nínú ìwé àwọn olùṣètò sínú fọ́ọ̀mù, kí a sì gbàgbé àwọn ọjọ́ ìsinmi tí a fúnra wa fi kún un.

Bí àpótí kẹ̀kẹ́ bá sì dé ilé, a kì í tì í sí kọ̀rọ̀ láìṣí i, nítorí pé ọjọ́ méje ti ẹ̀hónú náà tún ti bẹ̀rẹ̀.