Àwòdì Méjì So Èékánná Pọ̀ ní Òfurufú: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Láti ọjọ́ mélòó kan ni àwòrán kan ti ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn ní Èkó: àwòdì méjì tí wọ́n di ara wọn lẹ́sẹ̀ mú lókè Ọ̀sà, tí ọ̀kan dojú sókè, tí ìyẹ́ àwọn méjèèjì sì tú ká. Àwọn kan ní akọ ló ń gun abo, àwọn mìíràn ní ìjà ni, àwọn kan tilẹ̀ ní kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn ìbéèrè tó wọ́pọ̀ jù la dáhùn síhìn-ín.

Ǹjẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀?

Ó ń ṣẹlẹ̀, kò sì tọ́ kí a pe ẹni tó ya àwòrán náà ní ayédèrú nítorí pé ìran náà ṣàjèjì sí wa.

Ṣé ìjà ni, tàbí akọ àti abo ni wọ́n?

Gígùn kọ́ ni, nítorí pé orí ẹ̀ka igi tàbí orí òpó ni akọ àwòdì ti ń gun abo, kì í ṣe nínú afẹ́fẹ́. Ìjà ló sábà máa ń mú kí ẹyẹ apẹranjẹ méjì so èékánná pọ̀ kí wọ́n sì máa yí bírí bọ̀ nílẹ̀: ọ̀kan wọ àgbègbè ìtẹ́ èkejì, onílé já lù ú láti òkè, àlejò sì da ẹ̀yìn délẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, ó na ẹsẹ̀ sókè láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èékánná ṣe ń há mọ́ èékánná. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ẹyẹ kó àkọsílẹ̀ irú ìran yìí jọ tí wọ́n sì tún un yẹ̀ wò ní 1993, wọ́n rí i pé ìjà ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kà á sí tẹ́lẹ̀. Èyí kò ní kí ìfẹ́ má sí níbẹ̀ nígbà mìíràn, àwọn ẹyẹ tí kò tíì dàgbà sì máa ń fi ṣeré.

Ohun mìíràn tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé ni olè jíjà. Àwòdì kan á gbé ẹja tàbí ìfun ẹran, òmíràn á gbá tẹ̀lé e, yóò máa dà á láàmú títí ẹni tó gbé e yóò fi jù ú sílẹ̀, ẹni tó ń lé e yóò sì hán an kí ó tó kan omi. Bí a bá ya àwòrán náà ní àkókò tí ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì jọ kan ẹja náà, ẹni tí kò rí ohun tó ṣáájú lè rò pé ọkọ ló ń fún aya rẹ̀ lóúnjẹ.

Ṣé àwòrán kan ṣoṣo lè fi òtítọ́ hàn?

Kò lè fi í hàn, ibí yìí sì ni àṣìṣe ti pọ̀ jù. Nínú ìran tó gba ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, ìdá kan nínú 2000 ìṣẹ́jú-àáyá kan péré ni kámẹ́rà lè mú. Lẹ́ǹsì gígùn, irú ti 400 tàbí 600 mìlímítà tí àwọn ayàwòrán ẹyẹ ń lò, tún máa ń mú kí ohun tó wà níwájú àti èyí tó wà lẹ́yìn dà bí ẹni pé wọ́n fara kanra, tó fi jẹ́ pé àwòdì méjì tí àyè pọ̀ láàárín wọn lè hàn bí ẹni tó ń jà. Nítorí náà, ẹ tẹ bọ́tìnnì kámẹ́rà mọ́lẹ̀ kí ó máa yà á léraléra láti ìgbà tí ẹyẹ kan bá ti yíjú sí èkejì títí wọn yóò fi pínyà, kí ẹ má sì pa àwọn tí kò dára rẹ́, nítorí inú wọn ni ẹ ó ti rí ẹni tó kọ́kọ́ lé ẹnìkejì. Ẹ wo ẹnu wọn pẹ̀lú. Àgbà àwòdì tiwa ní ẹnu pupa rúsúrúsú bí ọsàn tó pọ́n, ti ọmọ rẹ̀ sì dúdú. Ọmọ tí ebi ń pa tó ń lé òbí rẹ̀ kiri lè jọ oníjà pátápátá.

Ìgbà wo ni a lè rí wọn yà?

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, nítorí ìgbà náà ni àwòdì ń pamọ ní ìhà gúúsù, tí òjò bá sì ti ń rọ̀ dáadáa, ọ̀pọ̀ wọn á gbéra lọ sí òkè ọya. Ẹ wá wọn sí ibi tí oúnjẹ wà: ààtàn Olúsósùn ní Òjòtá, odò ẹran Oko-Ọba ní Agége, àti ibi tí àwọn apẹja ń gúnlẹ̀ sí létí Ọ̀sà. Ẹ má dúró lórí Afárá Third Mainland láti yàwòrán. Ọkọ̀ kì í dẹ ìrìn níbẹ̀.

Kannakánná ló ń lé àwòdì nínú àwòrán tèmi ńkọ́?

Ó ń lé e kúrò nítòsí ìtẹ́ tàbí oúnjẹ rẹ̀ ni.

Ṣé mo lè ju ẹran sílẹ̀ kí wọ́n lè wá jà?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Àwọn àgbà ní àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun, ipò yẹn gan-an ló yẹ kí ayàwòrán fi í sí. Ìjà tí ẹran yín dá sílẹ̀ kì í ṣe ìwà ẹyẹ náà, ẹyẹ tó bá sì ti mọ̀ pé oúnjẹ ń bẹ lọ́wọ́ ènìyàn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í já a gbà lọ́wọ́ ọmọ tó ń jẹ búrẹ́dì lójú títì. Ẹ má sún mọ́ ìtẹ́ pẹ̀lú: bí òbí bá fò kúrò, oòrùn lè pa ẹyin tàbí ọmọ, kannakánná sì lè kó wọn.

Dírónù ńkọ́?

Ẹ fi í sílẹ̀. Ó ń da ẹyẹ láàmú, ó lè ṣe é léṣe, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fò ó ní Nàìjíríà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ NCAA, àjọ tó ń bójú tó ètò ọkọ̀ òfurufú, àti ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ètò ààbò.

Ǹjẹ́ àwòdì lè gbé ọmọ ènìyàn?

Kò lè gbé e. Àwòdì fúnra rẹ̀ kò tó kílò kan.

Bí ó bá jẹ́ igún ni mo yà ńkọ́?

Ẹ tọ́jú àwòrán náà dáadáa, kí ẹ kọ ọjọ́ àti àdúgbò sí i. Igún kékeré tí ó máa ń wà nítòsí ilé wa tẹ́lẹ̀ ti wà láti 2015 lára àwọn ẹyẹ tí ewu àkúrun wọn le jù lọ ní àgbáyé. Májèlé ń pa wọ́n, wọ́n sì ń pa wọ́n tà fún oògùn. Ẹni tó bá rí igún méjì tí wọ́n ń du ẹran tàbí tí wọ́n ń gbá ara wọn nítòsí ìtẹ́ ti rí ohun tí àwọn olùṣèwádìí ń wá, nítorí náà ẹ fi ránṣẹ́ sí àjọ tó ń dáàbò bo ẹ̀dá inú igbó, irú Nigerian Conservation Foundation tí ọgbà rẹ̀ wà ní Lẹ́kí. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ibi tí ìtẹ́ náà wà han gbogbo ayé, kí ẹ sì yọ àmì ibùdó tí fóònù ń fi sínú àwòrán kúrò kí ẹ tó gbé e jáde, nítorí àwọn tó ń pa igún tà náà ń wo àwòrán.