Kí ni ìtumọ̀ "kí òfin gba igbó láàyè"?

Ní ìkóríta Tákíé nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́ máa ń pé jọ sí láàárọ̀, mo bá bàbá kan àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan lẹ́nu iyàn lórí igbó mímu. Bàbá ní bí ìjọba bá gbà á láàyè, wọn yóò máa pàtẹ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sìgá. Ọmọ náà ní, "Ẹ má bínú, bàbá, kí wọ́n ṣáà má ju ẹni tó mu ún sẹ́wọ̀n mọ́ ni mo wí." Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sọ, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n sì fún un.

Ti bàbá ni kí títà àti mímu di ohun tó bófin mu, kí ìjọba fún olùtajà ní ìwé àṣẹ, kí ó gba owó orí, kí ó sì ka ọjà náà léèwọ̀ fún ọmọdé. Uruguay ló kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀, lọ́dún 2013. Kánádà tẹ̀ lé e lọ́dún 2018.

Ti ọmọ náà ló nílò àlàyé. Nínú tirẹ̀, igbó ṣì jẹ́ èèwọ̀, ẹni tó ń tà á ṣì jẹ́ ọ̀daràn, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ká ìwọ̀nba díẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ kò ní ṣẹ̀wọ̀n. Ní Pọ́túgàl, láti ọdún 2001, bí oògùn olóró tó wà lọ́wọ́ ènìyàn kò bá ju èyí tí ẹnì kan lè lò fún ọjọ́ 10 lọ, iwájú ìgbìmọ̀ kan ni yóò lọ dípò ilé ẹjọ́, wọ́n sì lè ní kí ó lọ gba ìtọ́jú tàbí kí ó san owó ìtanràn. Ó dà bí ọlọ́kadà tí kò dé akoto: ó jẹ̀bi, ṣùgbọ́n a kì í tìtorí ìyẹn pè é lọ́daràn. Ibi tí ètò yìí kù sí ni pé òfin fojú fo ẹni tó ń mu ún, síbẹ̀ ọwọ́ ẹni tó ń tà á ní kọ̀rọ̀ náà ni onítọ̀hún yóò ti rà á.

Ẹ̀kẹta ni ti ìṣègùn: kí wọ́n máa lo igbó fún ìtọ́jú aláìsàn, pẹ̀lú ìwé àṣẹ. Nítorí irú rẹ̀ ni Rotimi Akeredolu, gómìnà Oǹdó nígbà náà, ṣe lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Thailand lọ́dún 2019, tí awuyewuye sì bẹ́ sílẹ̀.

Ní Nàìjíríà, kò sí ìkankan nínú wọn. Òfin tó dá àjọ NDLEA sílẹ̀ lọ́dún 1989 kọ ẹ̀wọ̀n ọdún 15 sí 25 sílẹ̀ fún ẹni tó bá ní oògùn olóró lọ́wọ́. Síbẹ̀, ìwádìí ọdún 2018 fi hàn pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 10.6 ènìyàn ló lo igbó láàárín ọdún kan. Bàbá ní iye yẹn gan-an ni kò fi yẹ kí á tú okùn; ọmọ náà ní iye yẹn gan-an ló fi hàn pé okùn náà kò so nǹkan kan.

Mo wá bi bàbá bóyá yóò fara mọ́ ẹ̀wọ̀n ọdún 15 bí wọ́n bá rí dìdì kan lápò ọmọ ọmọ rẹ̀. Ó ká ìwé ìròyìn náà, ó ní, "Ìyẹn kọ́. Èyí tí wọ́n fẹ́ pàtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sìgá ni mò ń bá jà."