Ilé Niijii: Ibi Tí Ilé Ọ̀rẹ́ ti Kánádà Ti Ṣẹ̀ Gan-an

Bí ẹ bá bi òṣìṣẹ́ ìjọba ní Ottawa, olú ìlú Kánádà, léèrè ìgbà tí Ilé Ọ̀rẹ́ (Friendship Centre) bẹ̀rẹ̀, 1972 ni yóò sọ, ọdún tí owó ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé fún un. Ará Winnipeg yóò ní irọ́ ni, pé 1959 ni, àti pé nílùú tàwọn ni. Èmi ò gba ti èyíkéyìí nínú wọn. Ojú Kenora ni mo fi ń wo ọ̀rọ̀ náà, ìlú kékeré tó wà létí adágún Lake of the Woods ní ìwọ̀ oòrùn Ontario, tí èèyàn inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 15,000 lọ.

Ilé Ọ̀rẹ́ ni ilé tí ọmọ ìbílẹ̀ Kánádà, ìran àwọn tó wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, máa ń yà sí bó bá wọ ìlú ńlá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bá a wá yàrá, tí wọ́n ń bá a wá iṣẹ́, tí ẹni kan ń tẹ̀ lé e lọ sí kóòtù, tí àwọn àgbà ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní èdè. (Mi ò fẹ́ pè wọ́n ní ọmọ onílẹ̀, kí ará Èkó má lọ rò pé owó ìpìlẹ̀ ni wọ́n ń gbà.)

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú orúkọ ìlú náà. Lọ́dún 1905 ni wọ́n mú Ke lára Keewatin, No lára Norman, Ra lára Rat Portage, tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ pọ̀ di Kenora. Àwọn kan ní ilé iṣẹ́ ìyẹ̀fun ló fà á, torí ta ni yóò ra ìyẹ̀fun tí wọ́n kọ orúkọ eku sára àpò rẹ̀? Ìtàn náà dùn létí, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà sí i. Ṣùgbọ́n Rat Portage fúnra rẹ̀, àtúnsọ ohun tí àwọn Anishinaabe, ẹ̀yà ọmọ ìbílẹ̀ agbègbè náà, ti ń pè é tipẹ́ ni: Wazhashk-Onigam. Wazhashk ni ẹranko inú omi kan tó jọ òkété. Onigam ni ibi tí èèyàn ti ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ kúrò nínú omi kan, tí yóò rù ú gba orí ilẹ̀ kọjá sínú omi mìíràn.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró sí díẹ̀ nìyẹn. Ẹ wo onigam bó ṣe rí. Àjèjì dé tòun ti ọkọ̀ èèpo igi rẹ̀, ẹrù wúwo, ọ̀nà ń yọ̀, ọmọ ń sunkún. Kò sí bí ó ṣe lè kọjá láìpàdé ẹlòmíràn. Ó dá mi lójú pé níbẹ̀ ni ìbéèrè náà ti kọ́kọ́ jáde: ta ni ọ́, kí ni doodem rẹ? Doodem ni ìdílé tí Anishinaabe ń bá bàbá jẹ́: béárì, ẹja, ẹyẹ etí omi, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Inú rẹ̀ ni òyìnbó ti fa ọ̀rọ̀ "totem" yọ. Àwọn tó bá jẹ́ doodem kan náà kì í fẹ́ra wọn, bí wọn ò tilẹ̀ ríra rí. Bí ẹni béárì bá dé abúlé tí kò mọ ẹnì kankan, ilé àwọn béárì ni yóò wọ̀, wọn yóò bọ́ ọ, wọn yóò tẹ́ ẹní fún un, bí Ọ̀pọ́mùléró ṣe ń dá Ọ̀pọ́mùléró mọ̀ lọ́nà Ọ̀yọ́. Bí èyí kì í bá ṣe Ilé Ọ̀rẹ́, kí ló kù tí kò ní? Pátákó iwájú ilé nìkan ni.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pera wọn ni niijii, ọ̀rẹ́ mi. Òyìnbó oníṣòwò gbọ́ ọ, ó bà á jẹ́. "Nitchie" di èébú tí wọ́n ń fi bu ọmọ ìbílẹ̀ èyíkéyìí tí wọ́n bá rí lójú pópó. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a óò padà sí i.

Kí ló wá já okùn náà? Òfin ni. Ní 1873, àwọn Anishinaabe agbègbè náà bá ìjọba tọwọ́ bọ àdéhùn tí wọ́n ń pè ní Treaty 3. Kò pé ọdún mẹ́ta tí òfin Indian Act ti 1876 fi sọ wọ́n di ẹni tí ìjọba ń bójú tó bí ọmọdé. Láti 1885, ní ilẹ̀ pápá ìwọ̀ oòrùn Kánádà, ọmọ ìbílẹ̀ kò lè kúrò lórí ilẹ̀ tí wọ́n là fún un láìgba páàsì lọ́wọ́ aṣojú ìjọba, bẹ́ẹ̀ òfin kankan kò ti páàsì náà lẹ́yìn. Láti 1927, wọn kò gbọ́dọ̀ dá owó jọ láti gba lọ́yà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wọn. 1951 ni wọ́n tó yọ èyí kúrò nínú òfin.

Ní nǹkan bí 1951 yẹn kan náà ni àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tó wá ṣiṣẹ́ ní Toronto dá ẹgbẹ́ North American Indian Club sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lè pè é ní kòńgẹ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní Vancouver, Coqualeetza Fellowship Club dé. Ilé ìwé kan ní Chilliwack ni wọ́n ti mú orúkọ náà, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n ti ń kó ọmọ kúrò lọ́dọ̀ òbí rẹ̀ lọ gbé. Ṣùgbọ́n orúkọ náà dàgbà ju ilé ìwé lọ. Ní èdè àwọn Stó:lō, ọmọ ìbílẹ̀ agbègbè Chilliwack, ibi tí wọ́n ti ń lu aṣọ ìbora ni. Mo fẹ́ràn pé ẹgbẹ́ tó ń gba àjèjì sílé jẹ́ orúkọ aṣọ ìbora.

Winnipeg? Òótọ́ ni pé ní 1959 ni Indian and Métis Friendship Centre (Métis ni ìran tí ọmọ ìbílẹ̀ àti òyìnbó jọ bí) ṣílẹ̀kùn níbẹ̀, lẹ́yìn ìpàdé lóríṣiríṣi tí àjọ aláàánú ìlú ń ṣe láti 1954. Orúkọ ni wọ́n fún un. Ọmọ ti ń rìn kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ.

Ní Kenora, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá 1965, nǹkan bí 400 Anishinaabe rìn wọ ìlú lọ bá ìgbìmọ̀ ìlú. Fred Kelly wà lára àwọn tó ṣáájú. Wọ́n ń béèrè tẹlifóònù fún abúlé wọn, àfikún àkókò tí wọ́n lè fi pańpẹ́ mú ẹranko, àti ìgbìmọ̀ tí dúdú àti funfun ibẹ̀, bí a bá lè sọ bẹ́ẹ̀, yóò jọ jókòó sí. Ọdún kan kò tíì pé tí Chanie Wenjack, ọmọ ọdún 12, fi sá kúrò nílé ìwé Cecilia Jeffrey ní Kenora níbẹ̀ yẹn, òun náà ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n ń kó ọmọ lọ gbé, tí ó ń tẹ̀ lé ojú irin rélùwéè lọ sílé bàbá rẹ̀, ìrìn nǹkan bí 600 kìlómítà. Òtútù pa á lọ́nà ní oṣù kẹwàá 1966. Ọmọ náà kò mọ ibi tí yóò yà sí.

Ìyókù kò pẹ́ sọ. Àjọ àwọn Ilé Ọ̀rẹ́ Ontario bẹ̀rẹ̀ ní 1971, ti gbogbo orílẹ̀-èdè ní 1972, owó ìjọba dé lọ́dún náà, wọ́n tún ètò rẹ̀ ṣe ní 1988, ilé náà sì ti lé ní 100 káàkiri Kánádà báyìí.

Èyí tó wà ní Kenora, ọ̀rọ̀ niijii tí òyìnbó sọ di èébú yẹn náà ni wọ́n fi sọ ọ́: Ne-Chee.