Kí ni ẹni tó ń díwọ̀n ìbánisọ̀rọ̀ ọmọ àti alágbàtọ́ ń kà?

Ẹ jẹ́ ká ní màmá àgbà kan ń sẹ́ gàrí lẹ́yìnkùlé n'Íjẹ̀bú-Igbó. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 3 tó ní ọ́tísíìmù (ìyàtọ̀ nínú bí ọpọlọ ṣe ń dàgbà, tó máa ń mú kí bíbá èèyàn sọ̀rọ̀ ṣòro fún ọmọ), jókòó tì í, ó tẹjú mọ́ asẹ́. Màmá ní, "Kí nìyí? Wí i! Gàrí! Wò mí lójú!" Ọmọ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tó yá, màmá kàn rọra ń sọ pé, "Gàrí ń dà. Ó ń dà ṣààà." Ọmọ bojú wò ó, ó nawọ́ sí asẹ́, ó ní, "Ṣàà."

Aládùúgbò tó yọjú á ní ọmọ ti fọhùn, ó parí. Olùdíwọ̀n, ẹni tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ dídíwọ̀n ìbánisọ̀rọ̀, kì í yára bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí màmá sọ fẹ́ fa ọmọ kúrò níbi tí ọkàn rẹ̀ wà. Èkejì lọ bá a níbẹ̀. Èyí tó bá ọmọ níbi tó wà làwọn onímọ̀ ń pè ní synchrony. Èmi á pè é ní ìbámu. Olùdíwọ̀n á ka ọ̀rọ̀ ìbámu nínú gbogbo ohun tí alágbàtọ́ sọ, á ka iye ìgbà tí ọmọ fúnra rẹ̀ dá ìbánisọ̀rọ̀ sílẹ̀, á sì wo bó ti pẹ́ tó tí àwọn méjèèjì jọ fọkàn sí ohun kan náà. Ọwọ́ tí ọmọ nà àti ojú tó gbé sókè wà nínú ìṣirò náà.

Èyí kọ́ ni àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọmọ ní ọ́tísíìmù o. Ọ̀dọ̀ dókítà ọmọdé ni ìyẹn ti ń bẹ̀rẹ̀, irú ohun tí èèyàn lè tìtorí rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣàgámù. Kì í sì í ṣe ìdánwò fún ìyá. Láàárín ọdún 1950 sí 1970, àwọn dókítà kan ń sọ pé ìyá tí kò fìfẹ́ hàn ló ń fa ọ́tísíìmù. Irọ́ ni, ó sì ba ọ̀pọ̀ obìnrin lọ́kàn jẹ́. Ohun tó ń lọ láàárín ẹni méjì ni wọ́n ń wọ̀n, bí okùn tí èèyàn méjì dì mú: kò ṣeé wọ̀n lọ́wọ́ ẹnìkan.

Ọ̀kan nínú irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ni Dyadic Communication Measure for Autism, ìyẹn ìwọ̀n ìbánisọ̀rọ̀ ẹni méjì. Wọ́n lò ó nínú ìwádìí kan tó ń jẹ́ PACT, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ òbí bí wọ́n ṣe lè bá ọmọ tó ní ọ́tísíìmù sọ̀rọ̀, tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ọmọ 152 ní London, Manchester àti Newcastle, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2010. Àwọn òbí ń wo fídíò ara wọn níbi tí wọ́n ti ń bá ọmọ ṣeré, kí wọ́n lè rí ibi tí ọmọ ti ń dáhùn. Ìbámu òbí lọ sókè gan-an. Àwọn àmì ọ́tísíìmù lápapọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà nígbà náà. Lọ́dún 2016, irú ìwádìí kan náà jáde láti Goa ní Íńdíà àti Rawalpindi ní Pakísítánì: ọmọ 65, àwọn tí kì í ṣe ògbóǹtarìgì ló sì kọ́ àwọn òbí. Ìbámu òbí tún lọ sókè, àwọn ọmọ náà sì ń dá ìbánisọ̀rọ̀ sílẹ̀ ju tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyẹn ló yẹ ká fi ṣe àríkọ́gbọ́n níbí, níbi tí ògbóǹtarìgì ò ti tó.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́ olùdíwọ̀n? Á ka ìwé ìtọ́sọ́nà, á wo fídíò tí àwọn àgbà iṣẹ́ ti kà tẹ́lẹ̀, á ka tiẹ̀, wọ́n á wá gbé méjèèjì síra. Níbi tí wọn ò ti bára mu, wọ́n á dá fídíò padà. Bíbáramu lásán ò tó. Bí ẹni méjì bá díjú kọ "ìbámu" sí 9 nínú ọ̀rọ̀ 10, wọ́n á ṣèèṣì bára mu níbi 82 nínú 100! Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo ìṣirò kappa, tí Jacob Cohen gbé jáde lọ́dún 1960, láti yọ orí-ire kúrò. Wọn kì í sì í sọ fún olùdíwọ̀n bóyá wọ́n ya fídíò náà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ òbí ni àbí lẹ́yìn rẹ̀, torí ojú a máa rí ohun tí ọkàn ń retí. Bó bá pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á tún un dán wò, nítorí ojú èèyàn a máa yà díẹ̀díẹ̀ láìmọ̀.

Ní tiwa, wàhálà mìíràn wà. Ọmọ tí wọ́n ti kọ́ pé kò gbọdọ̀ tẹjú mọ́ àgbà lè dà bí ẹni tí kì í wojú. Bí màmá bá sì ń bi ọmọ pé "Ọmọ lèsí?" (ọmọ ta ni?), olùdíwọ̀n tí kò gbọ́ Ìjẹ̀bú á kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìbéèrè ìdánwò, nígbà tó jẹ́ pé ìkẹ́ ni. Síbẹ̀, ìkẹ́ náà ò ní jẹ́ ìbámu bó bá jẹ́ pé asẹ́ ni ọmọ ń wò. Kí olùdíwọ̀n gbọ́ èdè ná, kó tó dájọ́.

"Ṣàà" ọmọ yẹn ńkọ́? Ẹnìkan lè kọ pé ó dáhùn, ẹnìkejì pé òun ló dá a sílẹ̀. Wọ́n á padà lọ wò ó bóyá màmá ti dákẹ́ kó tó fọhùn, àti bó ṣe pẹ́ tó.