Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà l'Ábùújá: kí la fi ń mọ èyí tó dára?

Ọ̀pọ̀ àwa Yorùbá tó ń gbé Àbújá la ti mú ìyá tàbí bàbá wa wá láti ilé, nítorí pé kò sẹ́ni tó kù tì wọ́n níbẹ̀ mọ́. Nígbà tó bá yá, rọpárọsẹ̀ dé, tàbí kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣarán. Tọkọtaya ń jáde ní Kubwa láàárọ̀ kùtù, ilẹ̀ á ti ṣú kí wọ́n tó wọlé. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilé ìtọ́jú ti ń wáyé. Àwọn ìbéèrè tí mo sábà máa ń gbọ́ nìyí.

Ìbéèrè: Mo lọ wo ilé kan ní Gwarinpa. Táìsì ń dán, ẹ̀rọ amúlétutù wà ní gbogbo yàrá, jẹnẹrétọ̀ wọn ò gbin rárá. Ṣé ìyẹn ò tó?

Ìdáhùn: Kò tó rárá. Lọ́dún 1966, dókítà kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Avedis Donabedian pín ọ̀rọ̀ ìtọ́jú sí mẹ́ta, a ṣì ń lo ìpín rẹ̀ dòní: ohun tí ibi ìtọ́jú ní, ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, àti bí ara ẹni tí wọ́n tọ́jú ṣe rí lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Inú ti àkọ́kọ́ ni táìsì wà, òun ló sì rọrùn jù láti fowó rà.

Nínú ohun tí ilé kan ní, òṣìṣẹ́ ló jù. Ṣùgbọ́n ẹ má béèrè pé, "Òṣìṣẹ́ mélòó lẹ ní?" Wọ́n á ka kúùkù, dírẹ́bà àti mẹ́gáàdì mọ́ ọn. Ẹ bi wọ́n pé, "Lóru àná, ta ló wà lẹ́nu iṣẹ́? Àgbàlagbà mélòó ló wà lọ́wọ́ rẹ̀?" Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé tí wọ́n fi ń pín iṣẹ́ hàn yín. Ìlànà tí àwọn nọ́ọ̀sì ti ń tẹ̀ lé tipẹ́ ni pé kí wọ́n máa yí ẹni tí ò lè dá yí ara padà ní wákàtí méjì-méjì. Bí 6 irú wọn bá wà nílé, olùtọ́jú tó dá wà lóru á máa yí ẹnì kan ní ogún ìṣẹ́jú-ogún ìṣẹ́jú títí ilẹ̀ á fi mọ́, a ò tíì sọ ti ìtọ̀. Kò sí ẹni tó lè ṣe é.

Ìbéèrè: Tí kì í bá ṣe ilé ni kí n wò, kí wá ni?

Ìdáhùn: Ara àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ni.

Egbò tó máa ń dá sí ẹni tó pẹ́ lórí ìdùbúlẹ̀ ló ṣáájú. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn lókè ìdí, gìgísẹ̀ àti egungun ìbàdí ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìwé á sọ fún yín pé ojú ibẹ̀ á kọ́kọ́ pọ́n. Awọ òyìnbó ni ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ ìwé yẹn ń wò. Lára tiwa, pípọ́n yẹn lè má hàn rárá. Ohun tí ẹ máa rí ni ibì kan tó dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, ó lè gbóná tàbí kó tutù ju ara yòókù lọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ó lè le tàbí kó rọ̀ ju bó ṣe yẹ. Màmá fúnra wọn lè ní ó ń ta àwọn. Àsìkò yẹn ló ṣì rọrùn láti dá a dúró. Bó bá jinlẹ̀ débi tí egungun fi hàn, ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ oṣù ni.

Kì í ṣe gbogbo egbò bẹ́ẹ̀ ló wá láti inú àìkàsí o. Ẹni tí àìsàn ti gbé dé bèbè ikú lè ní in bí wọ́n tilẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ohun tó ń fi ilé hàn ni ìdáhùn wọn: ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀, ta ló kọ́kọ́ rí i, níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí? Ẹ ò lè lọ tú aṣọ ìyá oníyàá wò lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ dé, ṣùgbọ́n ẹ lè béèrè pé àwọn mélòó ló ní egbò níbẹ̀. Bí ìyá tiyín bá ti wà níbẹ̀, ẹ máa lọ bá wọn wẹ̀ fún wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nílé ìwẹ̀ lẹ ó ti rí gbogbo ohun tó yẹ kẹ́ ẹ rí.

Lẹ́yìn egbò, ẹ béèrè ìwé tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n wọn sí. Bí ẹni tó wọn 60 kílò bá pàdánù kílò 3 láàárín oṣù kan, tàbí 6 láàárín oṣù mẹ́fà, nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Ó lè jẹ́ eyín, ó lè jẹ́ àìsàn, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n kàn ń gbé abọ́ sílẹ̀ níwájú ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, wọ́n á padà wá gbé e lọ.

Omi ńkọ́? Àgbàlagbà kì í mọ òùngbẹ lára bíi tàtijọ́. Nínú oòrùn oṣù kẹta sí oṣù kẹrin l'Ábùújá, bí ife omi kò bá sí níbi tí ọwọ́ wọn lè tó o, ẹ ti rí ìdáhùn yín. Olùtọ́jú tó ń sá fún pípààrọ̀ pámpásì á máa dín omi kù. Láìpẹ́ màmá á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ lójijì, àwọn kan á ní arán ti wọra, àwọn mìíràn á ní ayé ló ń ṣe é. Nígbà mìíràn, àìtó omi ni, tàbí kòkòrò àrùn tó wọ ojú ìtọ̀. Arán kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án kan òru kan. Tó bá yá wéré bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé wọn lọ.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi ní Amẹ́ríkà ní ìràwọ̀ làwọn fi ń mọ ilé tó dára. Ṣé kò sí irú ẹ̀ níbí?

Ìdáhùn: Kò sí. Láti ọdún 2008 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ń fún irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ìràwọ̀ 1 sí 5. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wò: ohun tí àwọn olùbẹ̀wò rí, iye òṣìṣẹ́, àti bí ara àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ṣe ń ṣe sí. Ní England, àjọ CQC, tó ń bẹ irú ilé bẹ́ẹ̀ wò, ní ipò mẹ́rin tó ń fi ilé sí. Bí a bá tilẹ̀ wà lọ́hùn-ún, ìràwọ̀ nìkan kò tó, torí pé àwọn onílé fúnra wọn ló ń kọ apá kan nínú ìròyìn tí wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀.

Níbí, òfin ọdún 2017 dá National Senior Citizens Centre sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà, ṣùgbọ́n ẹ ò lè lọ síbẹ̀ lọ ka ìràwọ̀ ilé kankan. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa béèrè ìwé. Ìwé CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, kò sọ ju pé iléeṣẹ́ wà lọ. Ẹni tó ń ta ìrẹsì náà ní in. Ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì ló ṣe pàtàkì: ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń tún un gbà lọ́dọ̀ Nursing and Midwifery Council, ẹ sì wo ọjọ́ tó máa parí. Bí wọ́n bá ń gún abẹ́rẹ́, tí wọ́n ń fa omi síni lára, ilé ìwòsàn ni wọ́n ń ṣe yẹn. Ẹ béèrè ìwé PHERMC, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ ilé ìwòsàn aládàáni sílẹ̀ ní FCT, ìyẹn agbègbè olú-ìlú wa. Ẹ sì rántí pé Ìpínlẹ̀ Nasarawa ni Mararaba wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Àbújá ni gbogbo wa ń pè é. Àṣẹ FCT kò dé ibẹ̀.

Ìbéèrè: Ìyá mi ò gbọ́ Haúsá, Gẹ̀ẹ́sì wọn sì ti ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ṣé mo lè fi wọ́n síbi tí kò ti sí Yorùbá?

Ìdáhùn: Lójú tèmi, ìbéèrè yìí ló yẹ kí àwa tá a wà lókè ọya máa kọ́kọ́ béèrè, òun la sì máa ń gbàgbé. Ẹni tó ń ṣarán sábà máa ń pàdánù èdè tó kọ́ lẹ́yìn kó tó kan ti abínibí. Tíṣà tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ títí ó fi fẹ̀yìn tì lè jí lọ́jọ́ kan kó jẹ́ Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé ló kù sí i lẹ́nu. Ọmọbìnrin láti Benue tàbí Nasarawa tó ń tọ́jú rẹ̀ kò gbọ́. Màmá ń pariwo pé ìtọ̀ ń gbọ̀n wọ́n, olùtọ́jú kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n ń bínú, ó di dandan kí wọ́n fún wọn lóògùn tó máa mú wọn dákẹ́.

Nítorí náà, ẹ béèrè bóyá ẹni tó gbọ́ Yorùbá wà lẹ́nu iṣẹ́, pàápàá lóru. Àwọn ará Kabba, ará Ìlọrin àti Ọ̀fà pọ̀ l'Ábùújá, kò yẹ kó ṣòro. Bí kò bá sí, ẹ kọ ọ̀rọ̀ bíi mẹ́wàá sára ògiri lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì: omi, ìtọ̀, ebi, òtútù, ó ń dùn mí, pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn. Ẹ kọ́ àwọn olùtọ́jú ní oríkì màmá. Ẹ tẹ́tí sí bí wọ́n ṣe ń pe àwọn àgbà náà pẹ̀lú. Níbi tí ọmọ ọdún 22 bá ti ń pe ìyá ẹni 80 ọdún ní orúkọ gan-an, láìsí "Mama" níwájú rẹ̀, èmi á gbé àpò mi. Oúnjẹ náà ń bẹ níbẹ̀. Mo fẹ́ràn túwó pẹ̀lú ọbẹ̀ kúkà gan-an, ṣùgbọ́n ẹni tó fi ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín dàgbà lè máà fẹnu kàn án, wọ́n á sì ní kò lè jẹun mọ́.

Ìbéèrè: Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ ni bàbá ń sùn. Wọ́n ní àgbà ló ń ṣe wọ́n.

Ìdáhùn: Ẹ ní kí wọ́n kó gbogbo oògùn wọn jáde, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ gbé e fún dókítà mìíràn. Àwọn oògùn kan wà tí wọ́n ṣe fún àìsàn ọpọlọ, tí àwọn olùtọ́jú máa ń lò láti fi mú ẹni tó ń ṣarán dákẹ́. Láti ọdún 2005 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, ti ń kìlọ̀ pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń fi kún ikú láàárín àwọn àgbàlagbà tó ní àrùn ìgbàgbé. Nígbà mìíràn dókítà lè rí ìdí láti kọ ọ́ fún wọn, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ sọ ìdí náà fún yín àti ọjọ́ tó máa dá a dúró. Fífi aṣọ so wọ́n mọ́ àga burú ju ìyẹn lọ.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ló dára jù láti lọ bẹ̀ wọ́n wò?

Ìdáhùn: Ìgbà tí wọn ò retí yín. Aago méje alẹ́, ọjọ́ Sunday, àsìkò oúnjẹ, ọjọ́ tí iná lọ. Ilé tó bá ní ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fóònù ní gbogbo ìgbà, ẹ wá ibòmíràn.

Ìbéèrè: Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Kí làwọn ará ilé máa wí?

Ìdáhùn: Wọ́n á wí. Ẹ bi wọ́n pé ta nínú wọn ló fẹ́ wá máa gbé Kubwa.

Ìbéèrè: Mo rí àmì lílù lára màmá. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Awọ àgbà máa ń tètè ṣèṣe, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sì lè fa àmì dúdú lára. Ṣùgbọ́n àmì ìka ní apá méjèèjì, tàbí èyí tí àlàyé rẹ̀ ń yí padà láti ẹnu kan sí òmíràn, kì í ṣe ti awọ. Ẹ ya fọ́tò, kí ọjọ́ hàn níbẹ̀. Ẹ gbé wọn kúrò lọ sílé ìwòsàn ìjọba, kí dókítà kọ ohun tó rí sílẹ̀, kí ẹ tó bá onílé jà. Òfin VAPP ti ọdún 2015, tó ka ìwà ipá síni léèwọ̀, dé Àbújá, àjọ ìjọba tó ń jẹ́ NAPTIP ló ń mú un ṣẹ níbí, ẹ sì lè gbé ẹjọ́ náà lọ síwájú National Human Rights Commission láìsan kọ́bọ̀.

Àwọn tó kù nílé yẹn ńkọ́? Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní Kánádà kò ní ẹni tó ń bá a wẹ̀. Ẹ wá nọ́ńbà ọmọ náà, ẹ pè é lọ́jọ́ yẹn gan-an.